Òkun Inú Etí Òsì

Àkúrẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹfà 2024

Mo bi Princess, ọmọ mi, léèrè lónìí pé odò wo ló wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó ní kò sí odò kankan, ilé ìtajà símẹ́ńtì ló wà lẹ́yìn ilé. Mo ní kí ló wá ń hó báyìí? Ó ní, "Màámi, kò sí nǹkan tó ń hó o." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo dé láti wá bá a wẹ ọmọ tó bí. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ni mo ti ń gbọ́ òkun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní etí òsì. Ní Awoye tiwa, ta ni yóò gbọ́ òkun tí yóò sọ pé nǹkan ń ṣe òun? Inú ariwo rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo kàn ní ó ń bínú lọ́dún yìí ni. Àfi ìgbà tí mo dé ìlú tí kò ní òkun, tí òkun sì tẹ̀ lé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ń bá lílù àyà mi lọ, hùù, hùù, hùù. Mo fi ìka di etí méjèèjì, ó tún le sí i. Òkun wo ni wọ́n ń di etí sí tó ń le sí i?

Princess fún mi ní ìwé yìí, ó ní kí n máa kọ ohun tí mò ń gbọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá dé iwájú dókítà, "ara mi le" ni mo máa ń sọ. Kò parọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

A gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó ń jágbe mọ́ gbogbo ìyá ọmọ, wò mí, ó ní, "Mámà, kí ló ṣe ojú yín?" Mo ní ẹ̀fín ni, ẹja ni mò ń yan. Gbogbo àwa tá à ń yan ẹja ni ojú wa pọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ bá funfun láàárín wa, ọ̀lẹ là ń pè é. Ó ní, "Ẹ̀fín wo ló ń mú ojú kan ṣoṣo?"

Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Mo wá sọ ti òkun inú etí. Ó ní kí n di ojú, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìpéǹpéjú òsì mi. Ó pe nọ́ọ̀sì kejì kó wá gbọ́. Àwọn méjèèjì dúró lé mi lórí, wọ́n ń gbọ́ òkun mi nínú ojú mi bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ó ní kí n lọ rí dókítà ojú kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí n má fi ṣeré o. Kò jágbe mọ́. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Dókítà ojú tí a rí lánàá ní ojú òsì ti ń yọ síta díẹ̀, pé agbára omi inú rẹ̀ ti ga jù. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó ní kí n lọ ya àwòrán orí. Lónìí a dé ibi tí wọ́n ti ń yà á ní aago mẹ́jọ, iná lọ. Ní aago kan, iná dé, ó tún lọ. Princess ń fọ́mọ lọ́mú lórí àga, mo ń fi ìwé fẹ́ ẹ. Aago mẹ́rin ni wọ́n tó gbé mi sínú ẹ̀rọ roboto kan, wọ́n ní kí n má mira.

Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní kò sí nǹkan tó ṣe orí mi. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Bí mo ṣe ń ka ìwé náà ni mò ń gbọ́ òkun.

Awoye. Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà

Mo ti dé ilé. Òjò pa wá láti èbúté Igbókọ̀dá títí a fi gúnlẹ̀. Owó ọkọ̀ ti tún gòkè, epo ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Bàbá Princess ka ìwé tí wọ́n fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a dáadáa, ó fi í sínú Bíbélì. Ó ní, "A dúpẹ́. Ẹ̀fín ni, òkun sì ni." Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì sọ ọ́ tán, ó ti parí nìyẹn. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti padà sídìí ààrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Ẹja ṣáwá pọ̀. Mo yan agbọ̀n mẹ́rin. Orí ń fọ́ mi lẹ́yìn ojú.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dúró lórí afárá pákó níbi tí a ti máa ń retí àwọn ọkọ̀ tó lọ pẹja. Mo ké sí Jọọlá, ẹni tí ààrò rẹ̀ kángun sí tèmi, mo ní, "Wọ́n ti dé o, ọkọ̀ méjì!" Jọọlá wo ojú òkun, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Princess, ọkọ̀ kan ni mo rí. Àbí o ti ra èkejì fún ọkọ ẹ láìsọ fún wa?" Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mò ń wo ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ kan náà, kíkùn kan náà. Ọ̀kan ló gúnlẹ̀. Bàbá Princess sọ̀kalẹ̀, ó ní orí méjì.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Ó béèrè ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń rùn ẹja bo ojú òsì mi, ó ní, "Mélòó?" Mo ní ọ̀kan. Ó mú ọwọ́ kúrò. Mo ní méjì.

Kò sọ pé ẹ̀fín ni mọ́. Ó ní, "Pe Princess. Kó wádìí ibi tó tóbi ju Àkúrẹ́ lọ."

Ìbàdàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù keje

Dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mi kò jọ ẹni tó ju Princess lọ lọ́jọ́ orí. Dókítà Ọpẹ́fólúwa ni wọ́n ń pè é. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó fọwọ́ kàn mí, èyí tí mo fẹ́ràn. Mo fún un ní ìwé àti àwòrán Àkúrẹ́. Ó gbé e sójú iná. Ó ní, "Mámà, wọn ò parọ́. Ohun tí wọ́n yà ni wọ́n kọ. Wọ́n ya egungun, wọ́n ya ọpọlọ. Wọn ò fi oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ yín, àwòrán náà kò lè fi ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà hàn."

Ó da nǹkan tútù bí ògì sí mi lọ́rùn, ó ń yí irin kan kiri orí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbé ohùn ẹ̀jẹ̀ mi síta, gbogbo yàrá ń gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọrùn mi mọ́, kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀, ìyẹn yóò wúlò fún wa. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi sínú ẹ̀rọ roboto bíi ti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi oògùn sí mi lọ́wọ́. Ooru gba gbogbo ara mi, mo rò pé mo ti tọ̀ sára. Mo fọwọ́ wò ó, ó gbẹ. Mo kí Ọlọ́run kú iṣẹ́.

Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́yìn ojú òsì mi ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wo ìdí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù keje

Ó rẹ̀ mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ tòní kó tó sá lọ.

Wọ́n gún itan mi ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kó dùn mí, wọ́n wá ti rọ́bà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìwọ̀ gba ibẹ̀ lọ sókè dé ọrùn. Mi ò sùn. Dókítà ń sọ pé, "Mámà, ẹ má mira, ẹ má gbé itọ́ mì," oògùn á wá ya wọ orí mi, ooru á bẹ́ lẹ́yìn ojú mi bíi pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Ìgbà mẹ́jọ ni mo kà. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ní kí n na gbalaja fún wákàtí mẹ́fà, kí n má ká ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni gbé ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Dókítà gbé àwòrán náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán tó ń rìn ni. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń gba ọrùn gòkè, ó ń yà sí ẹ̀ka, ẹ̀ka ń yà sí ẹ̀ka. Mo wò ó. Mo ti rí i rí. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan gun òkè lọ wo gbogbo odò wa láti Awoye títí dé Igbókọ̀dá, bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni wọ́n rí. Kí wọ́n tó fèsì, mo fi ìka kan ibì kan lẹ́yìn ojú, mo ní, "Dókítà, èyí ń ṣàn padà sẹ́yìn."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi, omi ni mo bá dàgbà. Ìgbà tí òkun já wọ odò wa, mo rí i bí omi iyọ̀ ṣe lágbára tó, tó ń ti omi dídùn padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ẹja inú rẹ̀ kú, etí odò wú, ó pọ́n, àwọn igi ibẹ̀ gbẹ lórí ìdúró. Mo ní, "Ohun tó wà níbí yìí nìyẹn."

Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa, mo ti di olùkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ó wá jókòó, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń fi agbára lọ ti já wọ ọ̀nà tí ó ń rọra gbà padà bọ̀, lẹ́yìn ojú òsì mi. Jíjá rẹ̀ ló ń hó létí mi. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà ló ń ti ojú síta, tó sì ń jẹ́ kí n rí nǹkan ní méjì. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú yẹn á lọ.

Ó ní wọ́n lè fi rọ́bà wọ inú rẹ̀ lọ dí i, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lò fún un kò sí nílẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ṣùgbọ́n nítorí pé ibi tó já kéré, ọ̀nà kan wà tí kò gba nǹkan ju ọwọ́ mi lọ. Kí n jókòó, kí n wá ibi tó ń lù lọ́rùn lápá òsì, kí n tẹ̀ ẹ́ títí n ó fi ka ọ̀kan dé mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ní wákàtí kan, níwọ̀n ìgbà tí ojú mi bá là. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ bá ń dínkù léraléra bẹ́ẹ̀, ibi tó já lè dì fúnra rẹ̀. Ó lè má dì. Kí n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n sì padà wá ya àwòrán.

Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ni o, Mámà. Ẹ ò gbọdọ̀ lo òsì." Mo béèrè ìdí. Ó ní apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á rọ, á jábọ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ló máa gbà mí là. Ọwọ́ òsì ò ní mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, á ṣì máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó fi ìka mi síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Òkun dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó dákẹ́. Mo gbọ́ bí Princess tó bá mi wá ṣe ń mí. Mo gbọ́ bàtà ẹnìkan lọ́nà àbáwọlé. Dókítà ka mẹ́wàá, mo tú u sílẹ̀, òkun padà dé. Mo sunkún níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Awoye. Ọjọ́rú, 17 oṣù keje

Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà márùndínlọ́gọ́ta lónìí. Òjò látàárọ̀. Jọọlá ní bí àlejò bá rí mi, á rò pé mo fẹ́ fún ara mi lọ́rùn nítorí ọkọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù keje

Kì í ṣe títẹ̀ ẹ́ ló ń rẹni. Ìdádúró ni. O bu omi, o dúró. O tún iná ṣe, o dúró. Kò sí iṣẹ́ tí mo lè parí. Aṣọ tí mo rẹ láàárọ̀ ṣì wà nínú omi. Tí mo bá tú u sílẹ̀, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, inú á bí mi bíi pé ẹnìkan bú mi. Ìtura wo ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá?

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù keje

Bàbá Princess bá mi jà lónìí, ó sì jàre.

Mo jókòó níwájú ààrò, mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹja, mò ń fi ọwọ́ òsì tẹ ọrùn. Ọgbọ́n tí mo dá láti bí ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn kí iṣẹ́ má baà dúró. Ó ti dúró lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀. Ó ní, "Ìyá Princess, ọwọ́ wo ni dókítà ní kó o lò?"

Mo ní ṣé ọwọ́ kì í ṣe ọwọ́ ni? Ṣé ẹja á máa jóná ni?

Ó ní, "Ọ̀tún ló ní. Ìwọ lo sọ fún mi. O ní òun ló máa jábọ́." Ohùn rẹ̀ ròkè, ohùn tí kì í ròkè yẹn. "Ṣé o fẹ́ kú sídìí ṣáwá ni?"

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá yan ẹja yín fúnra yín. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́. Ó gba ẹ̀mú lọ́wọ́ mi, ó jókòó.

Ọkùnrin Awoye, lójú ọ̀sán, nídìí ààrò! Tiwọn ni kí wọ́n pa á, tiwa ni kí á yan án. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ọkùnrin tó di ẹ̀mú mú. Jọọlá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìdí mú. Ó ké sí gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá wo ìyàwó tuntun. Bàbá Princess kò dá a lóhùn. Bí ìdajì ẹja náà jó di èédú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì dìde.

Ohun tí mi ò sọ fún un rèé. Lánàá, bí mo ṣe ń fi òsì tẹ ọrùn, ẹja kan jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi sínú iná. Mo ní òróró ara rẹ̀ ló mú kó yọ̀. Mo ń rò ó báyìí. Kì í ṣe òróró.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù keje

Bàbá Princess ló ń ka mẹ́wàá fún mi báyìí, bó bá wà nílé. Ó ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ìdákẹ́jẹ́ náà lè pẹ́ fún mi. Mo mọ̀. Mi ò sọ fún un pé mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ

Òkun gbé ilé ìdáná Wọlé aládùúgbò wa lọ láàárọ̀ yìí. Òpó mẹ́rin ló kù, wọ́n dúró sínú omi láìní nǹkan lórí. Ìyàwó rẹ̀ rí ìkòkò kan he. Wọ́n ti ń kó lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí a kó lọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí ó ti di iwájú báyìí.

Bàbá Princess ní, "Ṣé o gbọ́ bó ṣe súnmọ́ wa?" Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tòde yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ tèmi. Gbogbo rẹ̀ ló ń hó. Ó ní ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ilé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n ti Ìbàdàn dé ná. Mi ò lè gbé ẹrù wúwo, mi ò lè tẹ̀ ba. Mi ò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kó bí àpótí nígbà tí wọ́n ń kó ilé mi. Ó ní ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kẹjọ

Ìgbà méjìlélọ́gọ́ta. Kò yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Mo jẹ òkèlè púpurú díẹ̀, kò lọ dáadáa. Mo ti sú ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù kẹjọ

Mo jí, ojú òsì ti wú bí ìgbà tí agbọ́n ta ènìyàn. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò ṣí tán.

Orí afárá ìsọkọ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Jọọlá dì mí lápá dé ibẹ̀, mo pe Dókítà Ọpẹ́fólúwa. Ó ní, "Ẹ bo ojú ọ̀tún. Ṣé ẹ rí ìka?" Jọọlá jìnnà díẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. Mo ní mẹ́ta. Ó tún nà án. Mo ní márùn-ún. Jọọlá pariwo sínú fóònù pé, "Dókítà, ó ń rí i! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹja, kò lè sá!"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà mìíràn, bí ibi tó já bá fẹ́ dì, ojú á kọ́kọ́ burú kó tó dáa. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, burúkú náà ni. Òun ò lè mọ èyí tó jẹ́ láìrí àwòrán. Kí n wá lọ́la. Mo ní lọ́la kẹ̀? Koríko orí omi ti dí ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ kankan ò kọjá. Ó ní, "Ẹ wá bí ọ̀nà bá ti là, Mámà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ojú mi ni mò ń sọ yìí o. Kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù kẹjọ

Kò sẹ́ni tó lọ sí ìsìn láàárín àwọn ọkùnrin. Bàbá Princess àti àwọn méje ń fi àdá gé koríko láti òwúrọ̀. Wọ́n gé e títí, àmọ́ afẹ́fẹ́ tún gbé òmíràn wá bo ojú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo fi òróró ra á fún un, òun ń ka mẹ́wàá fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kẹjọ

Wọ́n ṣì ń gé e.

Ọjọ́rú, 21 oṣù kẹjọ

Ọ̀nà là ní òwúrọ̀ yìí. Ẹrù mi ti wà nínú ọkọ̀. Mo ní kí n jókòó tẹ ọrùn lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, nítorí mi ò lè tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń mì. Bàbá Princess jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì. Òkun ò dákẹ́. Ó ka mẹ́wàá. Kò dákẹ́.

Láti Ìbàdàn títí di àná, kò sí ìgbà kan tí mo tẹ̀ ẹ́ tí kò dákẹ́. Mo wá a lábẹ́ ìka, ó wà níbẹ̀, ó ń lù. Mo tún tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ń hó lọ ní tirẹ̀. Mo ní, "Bàbá Princess, ó ti bàjẹ́. Ó ti já pátápátá. Ojú mi ti lọ."

Ó ní, "Kí lò ń gbọ́?"

Mo ní òkun ni, kí ni mo tún máa ń gbọ́?

Ó ní, "Báwo ló ṣe ń ṣe é?"

Mo tẹ́tí. Kò bá àyà mi lọ. Àyà mi ń sáré, òun kò sáré. Ó ń wá, ó ń fọ́, ó ń wọ́ padà, ó ń dúró díẹ̀ kó tó tún wá.

Ó ní, "Èmi náà ń gbọ́ ọ. Di etí rẹ."

Mo ki ìka bọ etí méjèèjì. Kò sí nǹkankan. Rárá. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mi ò gbọ́ ọ. Mo ṣí i, òkun dé. Mo dì í, ó lọ. Mo ń ṣí i, mo ń dì í bí ọmọdé. Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Bàbá Princess jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo tó gbọ́ bó ṣe súnmọ́ tó. Abẹ́ ilé ni. Mo gbọ́ ọ tó ń fọ́ lára òpó ẹ̀yìn, mo sì gbọ́ tí òpó náà ń dún. Mo ní, "Ó ti dé ibí yìí, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Ó nu ojú. Ó ní, "A ti ń sọ fún ọ láti oṣù tó kọjá."

Ó sìn mí dé Igbókọ̀dá, ó sì padà lọ tú pákó. Mo ní kó lọ.

Ìbàdàn. Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù kẹjọ

Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìpéǹpéjú mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń gbọ́, Mámà?" Mo ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yàrá yìí ni, ó ń fẹ́ àtúnṣe, kí ó sọ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún.

Wọ́n fi oògùn ya àwòrán. Ó fi ti oṣù keje àti tòní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó jẹ́ kí n wò ó fúnra mi. Iṣan ẹ̀yìn ojú ti tẹ́ẹ́rẹ́ padà. Kò sí èyí tó ń ṣàn padà sẹ́yìn. Ó ní kí n padà wá ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún fi rọ́bà wò ó, kó lè dá òun lójú. Rírí méjì ṣì kù díẹ̀ bí mo bá wo apá òsì, ó ní á lọ. Ó ní kí n má tẹ ọrùn mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń gòkè lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, mò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo pe Bàbá Princess, ó ti ń dúró dè mí lórí afárá ìsọkọ̀. Mo sọ fún un. Mo béèrè ilé. Ó ní wọ́n ti tú yàrá, wọ́n ti tú iwájú, ó ku ilé ìdáná. Mo ní òkun ńkọ́? Ó ní, "Gbọ́ ọ." Ó na fóònù sí i. Ó dún létí òsì mi kedere, ariwo òde tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, mo sì jókòó sórí àga ilé ìwòsàn, mò ń gbọ́ ọ títí owó fóònù mi fi fẹ́ tán.

Mo ní kó má tíì tú ilé ìdáná, kó fi pákó rẹ̀ dè mí, a ó jọ tú u. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ráyè.